Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Ẹkùrọ́: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Dá Àwọn Ohun-Èlò Rẹ̀ Lóhùn

Ní ìlú Accra, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, àlejò kì í já wọlé onílé láìké sí i. Àwọn Ga àti àwọn Akan a máa ké “Agoo!” lẹ́nu ọ̀nà, wọn a sì dúró títí ará ilé yóò fi dáhùn pé “Amee!”, bí Yorùbá náà ṣe ń wí pé “Àgò onílé o!” kí onílé tó fèsì pé “Àgò yà!” Nǹkan mẹ́ta ni ó fara pamọ́ sínú ìkíni kúkúrú yìí. Èkíní ni pé àlejò ni ó ń kéde ara rẹ̀, tí onílé fi lè gbájú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìsí pé ó ń yọjú wo ìta ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Èkejì ni pé àgò kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí àlejò bá wá. Ó kàn ń sọ pé ẹnìkan wà níta tí ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni. Ẹ̀kẹta sì ni pé onílé lè ní kí àlejò ṣe sùúrù díẹ̀, bí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá ṣe é fi sílẹ̀. Lórí nǹkan mẹ́ta yìí gan-an ni wọ́n gbé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà òde òní, títí kan fóònù alágbèéká, ń gbà gbọ́ ìròyìn láti ọ̀dọ̀ àwọn ohun-èlò rẹ̀ kà.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó wà nínú ilé àti ẹni tí ó wà lóde. Nínú ilé ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà, ìyẹn processor, tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ tẹ̀lé ìgbésẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń ṣe é kánkán débi pé bílíọ̀nù ìgbésẹ̀ lè parí láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó ń pín iṣẹ́ fún ọpọlọ yìí ni ètò aṣàkóso, irú bíi Windows, Linux, FreeBSD tàbí Android, tí kókó inú rẹ̀ ń jẹ́ kernel, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹkùrọ́, nítorí pé ó wà ní àárín gbùngbùn bí ẹkùrọ́ ti wà nínú èèpo líle, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó ní àṣẹ láti fọwọ́ kan àwọn ohun-èlò ní tààrà. Lóde ni kíbọ́ọ̀dù, máòsì, dísìkì, aago inú ẹ̀rọ àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ìpè tí ọ̀kan nínú wọn bá fi ránṣẹ́, tí ọpọlọ fi dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró láti fetí sí i, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní interrupt, ìyẹn ìpè ìdálọ́wọ́dúró. Àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é ní ìpè àgò.

Bí kò bá sí ìpè àgò, ohun tí ó kù ni kí ọpọlọ máa lọ bi ohun-èlò kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá ó ní nǹkan láti sọ. Akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù lọ kì í sábà tẹ ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ lè ṣe ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ìgbésẹ̀ kí lẹ́tà kan tó tẹ̀lé èkejì; bí ó bá wá ń fi gbogbo àkókò yẹn bi kíbọ́ọ̀dù léèrè, ńṣe ni yóò dà bí ẹni tí ó ń yan gàrí tí ó sì ń fi agbada sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà láti lọ wò bóyá àlejò ti dé. Ní ọdún 1954, kọ̀ǹpútà DYSEAC tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan, National Bureau of Standards, kọ́ wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ohun-èlò ti lè dá ọpọlọ lọ́wọ́ dúró. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1959, Edsger Dijkstra, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ti fi bí a ṣe ń bójú tó irú ìpè bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Electrologica X1 ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù kò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní: ìpè àgò lè dé nígbàkígbà, láàrin ìgbésẹ̀ èyíkéyìí sí èkejì, nítorí náà àṣìṣe tí ó bá ti ibẹ̀ wá lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó má sì ṣẹlẹ̀ mọ́ nígbà tí a bá ń wá a.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí akọ̀wé kan ní àdúgbò Osu ní Accra bá tẹ lẹ́tà A lórí kọ̀ǹpútà yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Nínú ẹ̀rọ PC/AT tí IBM gbé jáde ní ọdún 1984, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó tẹ̀lé e jogún ìlànà rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù kì í ké sí ọpọlọ ní tààrà. Ó ń ké sí aṣọ́nà kan, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tí a mọ̀ sí 8259A, èyí tí méjì rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà, tí àwọn méjèèjì jọ ní ojú ọ̀nà 15 fún àwọn àlejò: aago ni ó ni ojú ọ̀nà 0, kíbọ́ọ̀dù ni ó sì ni ojú ọ̀nà 1. Aṣọ́nà yóò wò bóyá ẹni tí ó ju kíbọ́ọ̀dù lọ kò sí lórí ìlà, yóò sì ta ọpọlọ lólobó. Ọpọlọ yóò parí ìgbésẹ̀ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀, yóò kọ ibi tí ó dé sílẹ̀ kí ó má baà gbàgbé, yóò sì wo tábìlì kan tí ó ní àyè 256, níbi tí wọ́n ti kọ ibi tí agbàlejò kíbọ́ọ̀dù ń gbé. Agbàlejò ni ègé ètò tí kernel yàn láti dá ohun-èlò kan pàtó lóhùn. Òun ni yóò lọ bá kíbọ́ọ̀dù, tí yóò sì gba nọ́ńbà 30, èyí tí ó dúró fún bọ́tìnnì A. Yóò fi nọ́ńbà náà pamọ́, yóò sọ fún aṣọ́nà pé òun ti ṣe tán, ọpọlọ yóò sì padà sí ibi tí ó ti kúrò bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé bá gbé ìka rẹ̀ kúrò, kíbọ́ọ̀dù yóò tún ké àgò mìíràn, nọ́ńbà 158 ni yóò sì kó wá lọ́tẹ̀ yìí, láti sọ pé wọ́n ti fi bọ́tìnnì náà sílẹ̀. Àgò méjì ni lẹ́tà kan ń ná kọ̀ǹpútà, akọ̀wé kò sì ní fura sí ọ̀kankan.

Kì í ṣe gbogbo àlejò ni ó tó ẹgbẹ́ ara wọn, bí ọmọdé tí ó wá yá odó kò ti lè gbawájú ẹni tí ó wá kéde pé iná ń jó. Lórí èyí, ìtàn kọ̀ǹpútà ní Accra ní ohun kan láti sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nii Quaynor, ọmọ Ghana tí wọ́n ń kà sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣíwájú nínú mímú íntánẹ́ẹ̀tì wọ Áfíríkà, ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1977 títí di ọdún 1992, kí ó tó fi gbogbo ara dojú kọ iṣẹ́ Network Computer Systems ní Accra. Ilé-iṣẹ́ Digital yìí ni ó ṣe kọ̀ǹpútà PDP-11 ní ọdún 1970 àti VAX ní ọdún 1977, àwọn méjèèjì sì ni wọ́n fi ìlànà ipò ìpè múlẹ̀ lọ́kàn àwọn tí ó ń kọ kernel. VAX ní ipò 32, láti 0 dé 31: iṣẹ́ ojoojúmọ́ wà ní ipò 0, àwọn ohun-èlò wà lókè wọn, nígbà tí ọpọlọ bá sì ń dá àlejò ipò kan lóhùn, àwọn tí ipò wọn kò ju ìyẹn lọ gbọ́dọ̀ dúró. Kernel pẹ̀lú lè gbé ara rẹ̀ sí ipò gíga fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe ohun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń ka owó ṣe ń nawọ́ sí ọmọ pé kí ó dákẹ́ ná.

Ìpè tí VAX fi sí ipò 30, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òkè pátápátá, ni ìpè tí ń sọ pé iná mànàmáná ń lọ. Ẹni tí ó bá gbé ní Accra láàrin ọdún 2012 sí 2015, nígbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ tí àwọn ará ìlú fi ń pè é ní dumsor, láti inú ọ̀rọ̀ Akan méjì tí ó túmọ̀ sí pípa àti títàn, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí rẹ̀. Agbára a máa ṣẹ́kù sínú ẹ̀rọ fún ìgbà tín-ín-rín lẹ́yìn tí iná bá ti lọ, ìgbà náà kò sì tó kí ènìyàn ṣẹ́jú. Nínú PDP-11, tí àwọn òrùka irin kékeré inú ìrántí rẹ̀ lè di ọ̀rọ̀ mú láìsí iná, agbàlejò ìpè yìí a máa fi àkókò bíńtín náà kó gbogbo ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọpọlọ sínú ìrántí, tí iná bá sì dé, a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti dúró. Lónìí, bátìrì UPS ni ó ń fi okùn sọ fún kọ̀ǹpútà pé iná ti lọ, kí ó lè tọ́jú ẹrù rẹ̀ kí bátìrì tó tán.

Ipò àlejò nìkan kọ́ ni ìṣòro; bí onílé ṣe tètè ń dáhùn náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1995 ni Ghana so pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní kíkún láti ọwọ́ Network Computer Systems, modẹ́mù orí okùn tẹlifóònù sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ayé ìgbà náà ń lò. Modẹ́mù ń kó ọ̀rọ̀ wọ kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ọ̀nà rẹ̀ bá ń sáré ní bíìtì 57,600 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, tí lẹ́tà kan sì ń gba bíìtì mẹ́wàá, lẹ́tà 5,760 ni yóò máa dé láàrin ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yà tí ń gba lẹ́tà wọ̀nyí nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́, ìyẹn 8250, kò ní àyè fún ju lẹ́tà kan lọ, nítorí náà ó ń ké àgò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọpọlọ bá sì pẹ́ ju ìdá 174 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ kí ó tó dáhùn, lẹ́tà tuntun yóò tẹ ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yà tí ó rọ́pò rẹ̀, 16550A, ní àpò tí ó gba lẹ́tà 16. Wọ́n lè pàṣẹ fún un pé kí ó má ké àgò títí lẹ́tà 14 yóò fi pé, bẹ́ẹ̀ ni àgò 5,760 yóò di nǹkan bí 411, tí àyè lẹ́tà méjì yóò sì ṣẹ́kù fún onílé tí ó bá fà sẹ́yìn díẹ̀. Àpò lẹ́tà 16 péré yìí ni ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára lè gba modẹ́mù tí ó yára láìsọ ọ̀rọ̀ nù.

Ẹ̀kọ́ ńlá kan fara hàn níbẹ̀ fún àwọn tí ń kọ kernel: ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kò gbọdọ̀ pẹ́. Àwọn alábàárù Accra, tí wọ́n ń pè ní kayayei, a máa gbé ẹrù wúwo láti ọjà Makola dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù oníbàárà, oníṣọ́ọ̀bù tí ó gbọ́n kì í sì fi alábàárù dúró pẹ̀lú ẹrù lórí títí yóò fi ka aṣọ tán tàbí tí yóò fi kọ iye owó sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ńṣe ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀ fún un, kí ó lè máa lọ, yóò sì to ẹrù náà nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Bákan náà ni Linux ṣe pín iṣẹ́ agbàlejò sí ọ̀nà méjì. Apá òkè, tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìpè ṣì wà nílẹ̀, kì í ṣe ju pé kí ó gba ẹrù, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun-èlò, kí ó sì fi àmì sílẹ̀ pé iṣẹ́ wà. Apá ìsàlẹ̀ ni ó ń padà wá ṣe iṣẹ́ náà ní ti gidi, lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí fún àwọn àlejò mìíràn. Òfin kan tí kò ṣe é rú ni pé apá òkè kò gbọdọ̀ sùn, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ dúró de ohunkóhun, nítorí pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ó dá dúró láti dé ibi tí ó wà, ẹni yẹn gan-an sì lè jẹ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ tí ó ń dúró dè wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣòro kejì dé nígbà tí àlejò di ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Áfíríkà tí ó para pọ̀ di ẹgbẹ́ AfNOG, tí Quaynor wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, ṣe ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Accra. FreeBSD sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò aṣàkóso tí ẹgbẹ́ náà fi ń kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú FreeBSD 4 ti ìgbà náà, orúkọ àwọn àṣẹ tí kernel fi ń dí ojú ọ̀nà, irú bíi spltty fún modẹ́mù àti splnet fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣì ń jẹ́rìí sí ipò ìpè ayé PDP-11. Ní ọdún 2005, Accra ní ibùdó pàṣípààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, Ghana Internet Exchange, kí ọ̀rọ̀ tí ó ti Accra lọ sí Accra má baà kọ́kọ́ rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù. Ohun tí ó ń gba irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá kọ́ ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìdì dátà ni, bẹ́ẹ̀ ni lórí okùn tí ó ń gba bílíọ̀nù bíìtì kan láàrin ìṣẹ́jú àáyá, ìdì tí ó kéré jù lọ lè dé ní ìgbà 1,488,095 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí kernel bá ní kí ìdì kọ̀ọ̀kan ké àgò tirẹ̀, yóò kú sẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 1996, Jeffrey Mogul, tí ó wà ní ilé ìwádìí Digital, àti K. K. Ramakrishnan gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń gba ìdì dátà wọlé, tí ó ń yẹ̀ wọ́n wò, tí ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ síwájú. Nígbà tí ìdì tí ń wọlé tó 2,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ náà dé góńgó agbára rẹ̀; bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i ni èyí tí ń jáde ń dín kù, nígbà tí wọ́n sì tó 6,000, kò sí ẹyọ kan tí ó jáde mọ́. Ẹ̀rọ náà kò kú, kò sì sinmi; gbogbo agbára rẹ̀ ni ó ń fi dáhùn “Àgò yà!”, tí kò fi ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò kankan, tí ó sì ń da ẹrù tí ó ti gbà nù nítorí pé kò sí ẹni tí yóò tò ó. Livelock ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ìṣòro yìí, tí ó yàtọ̀ sí kí ẹ̀rọ kàn dúró gbọnyin, nítorí pé ẹni tí ó bá wò ó láti ìta yóò ṣebí iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Ojútùú tí wọ́n rí sí i padà sí ọ̀nà àtijọ́ tí ìpè àgò ti lé lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọgbọ́n. Láàrin ọdún 2001 sí 2002, Linux gba ìlànà kan tí ń jẹ́ NAPI wọlé. Bí ìdì àkọ́kọ́ bá dé, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò ké àgò lẹ́ẹ̀kan. Kernel yóò dáhùn, yóò sì sọ fún un pé kí ó má ké mọ́, yóò wá máa fúnra rẹ̀ jáde lọ kó ìdì wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí kì í sábà ju 64 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ohun-èlò kan má baà gba gbogbo àyè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ìgbà tí ó bá jáde tí kò bá àlejò kankan mọ́ ni yóò tó tún ṣí àyè ìpè sílẹ̀. Bí àlejò bá ṣọ̀wọ́n, ìpè àgò ni ó ń ṣiṣẹ́; bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, onílé ni ó ń lọ bá wọn. Ìdì tí ó bá pọ̀ ju agbára lọ yóò ṣòfò nínú káàdì níta, níbi tí kò ti jẹ ọpọlọ lógún rárá, dípò kí ó ṣòfò lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìdajì wàhálà rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń bójú tó sáfà (server) Linux lè fi ojú ara rẹ̀ rí gbogbo èyí nínú fáìlì kan tí ń jẹ́ /proc/interrupts, níbi tí kernel ń kọ iye ìgbà tí àlejò kọ̀ọ̀kan ti ké àgò láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti tàn, ìlà kan fún àlejò kan, òpó kan fún ọpọlọ kan. Bí gbogbo iye ńlá bá kórajọ sábẹ́ òpó kan ṣoṣo, a jẹ́ pé ọpọlọ kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ aṣọ́nà tí àwọn tó kù ń wòran, ó sì yẹ kí wọ́n pín àlejò náà káàkiri. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun-èlò tí ó ti bàjẹ́ a máa ké àgò láìdákẹ́, tí kò sì sí agbàlejò tí ó gbà pé àlejò òun ni. Linux a máa kà á: bí nínú ìpè 100,000 ó bá lé ní 99,900 tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́, yóò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé “nobody cared”, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó kà á sí, yóò sì ti ojú ọ̀nà náà pa.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ìpè àgò kò lè ṣe. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹ̀ sílẹ̀ ní Ghana, ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó múlé tì wọ́n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà ni ó wà ní Accra tí nǹkan kan kò ṣe okùn tí ó so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ wọn, tí iná ara káàdì wọn ṣì ń ṣẹ́jú. Kò sí ohun-èlò kankan tí ó ké àgò láti sọ fún wọn pé ọ̀nà ti já, nítorí pé àlejò tí kò dé kì í kan ilẹ̀kùn. Aago nìkan ni ó sọ fún wọn. Nígbà tí kernel bá fi ìdì kan ránṣẹ́, yóò ní kí aago jí òun bí èsì bá pẹ́. Bí aago bá ké tí èsì kò sí, yóò tún ìdì náà fi ránṣẹ́, yóò sì sọ àkókò ìdúró náà di ìlọ́po méjì: ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́jọ. Ó bá a mu pé aago ni ó wà ní ojú ọ̀nà 0 nínú ẹ̀rọ ọdún 1984 nì, ṣáájú kíbọ́ọ̀dù, ṣáájú dísìkì: nínú gbogbo àwọn tí ń ké àgò lẹ́nu ọ̀nà ẹkùrọ́, òun nìkan ni onílé fúnra rẹ̀ rán jáde pé kí ó lọ, kí ó sì padà wá kan ilẹ̀kùn bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ wá.